Bí òjò kan náà bá pa ẹ̀rọ àti ìpamọ́ rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ìwé ètò ìpamọ́ iná mànàmáná èyíkéyìí tó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́: kí ni ohun kan ṣoṣo tó lè mú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹ̀rọ tí a ní kó máa dúró dè é lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà kì í dáhùn. Ìdá ni wọ́n máa ń gbé síwájú: ìpamọ́ wa jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí ìdá 20, ó tilẹ̀ ju ohun tí òfin béèrè lọ, kí ará ìlú fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka irú àwọn ìwé yìí, mo sì máa ń ka àwọn ìjábọ̀ tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn tí iná bá ti kú tán. Nígbà tí mo bá gbé méjèèjì síra wọn, ohun tí mo ń rí ni pé iye ìpamọ́ kọ́ ló sábà máa ń jáni kulẹ̀. Ibi tí ìpamọ́ náà ti ń jẹun ni: gáàsì tó ń lò, páìpù tó gbé gáàsì náà wá, ojú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ìlànà tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń jẹun, a kò tíì fi nǹkan kan pamọ́.

Ká wo ohun tí ìpamọ́ wà fún ná. Iná tó wà lórí wáyà kò ní àká. Ìwọ̀n tí àwọn èèyàn ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá yìí ni àwọn ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú wá ní ìṣẹ́jú àáyá yìí, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Ohun tí àwọn tó ń darí gíríìdì fi ń mọ̀ bóyá méjèèjì ṣe déédéé ni frequency, ìyẹn iye ìgbà tí iná náà ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: 50 hertz ní Yúróòpù, 60 ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ̀rọ ńlá kan bá ṣàdédé já kúrò, ọrùn àwọn tó kù ni ẹrù rẹ̀ ń bọ́ sí, wọn kò sì ní lè yí bí wọ́n ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ mọ́, frequency á máa lọ sílẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ mìíràn á já ara wọn kúrò kí wọ́n má baà bàjẹ́. Èyí tó bá já á tún fi ẹrù kún ti àwọn tó ṣẹ́kù. Bí odindi orílẹ̀-èdè ṣe ń wọ òkùnkùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ìpamọ́ fi jẹ́ oríṣiríṣi, tí ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Àkọ́kọ́ ni èyí tó gbọ́dọ̀ jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá, láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnì kankan. Ní Yúróòpù, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde tán kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 3,000 mẹ́gáwáàtì fún gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ so wáyà pọ̀, láti Pọ́túgà títí dé Pólàńdì. Ìdí tí wọ́n fi yan iye yẹn ni pé ohun tí yóò lọ nìyẹn bí ẹ̀rọ núkílíà méjì tó tóbi jù lọ bá já pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń gba ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, lẹ́yìn náà èyí tó ń gba bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ti àkọ́kọ́ lè padà sí ààyè rẹ̀ láti máa ṣọ́ ewu mìíràn. Lókè gbogbo wọn ni ètò ọlọ́jọ́ gbọọrọ: ilé iṣẹ́ amúnáwá mélòó ni yóò wà nílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún sí i, tó fi jẹ́ pé ní alẹ́ tí otútù mú jù lọ, ohun tí a ní yóò ju ohun tí a fẹ́ lò lọ. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí olóṣèlú ń pe gbogbo ìwọ̀nyí ní ìpamọ́, bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó gbóná kò wúlò fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bátìrì tó ń jí lójú ẹsẹ̀ kò sì wúlò fún ọ̀sẹ̀ kan tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọjọ́ kan tí mo máa ń padà sí ṣáá, nítorí pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 52 nírọ̀lẹ́, àrá sán lu wáyà gíríìdì kan lẹ́yìn London, lápá àríwá. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Wáyà náà já, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìpẹ́, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Àmọ́ láàárín ojú-ṣẹ́jú yẹn, nǹkan mẹ́ta já pọ̀. Hornsea, ọgbà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá tó wà lójú òkun, pàdánù 737 mẹ́gáwáàtì, torí pé ètò tó ń darí rẹ̀ kò lè fara da bí iná ṣe mì. Ní Little Barford, ilé iṣẹ́ onígáàsì, tọ́báìnì tí oru omi gbígbóná ń yí já pẹ̀lú 244. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó fọ́n káàkiri, tó fi mọ́ ti oòrùn, já lọ pẹ̀lú nǹkan bí 500, nítorí pé ohun tó ń dáàbò bò wọ́n ṣi mímì náà gbà, ó rò pé àdúgbò wọn ti já kúrò lára gíríìdì.

Ìpamọ́ tó wà nílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ 1,000 mẹ́gáwáàtì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì rẹ̀ ló wà nínú bátìrì. Ó tó fún ohun ẹyọ kan tó tóbi jù tó lè já lọ́jọ́ náà, ìlànà kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó já lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500. Síbẹ̀, ìpamọ́ náà ṣiṣẹ́ akin. Frequency ṣubú dé 49.1, ó dúró, ó tilẹ̀ ti ń gòkè bọ̀. Ibi tí mo ti máa ń dẹ́kun kíkà fún ìgbà díẹ̀ nìyẹn, nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀. Oru tó yẹ kó lọ yí tọ́báìnì tó ti kú kò rí ibi gbà, ìfúnpá rẹ̀ ń ga sí i, nígbà tó sì di nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, tọ́báìnì onígáàsì kan nínú ilé iṣẹ́ náà já ara rẹ̀ kúrò pẹ̀lú 210 mẹ́gáwáàtì. Kò sí ìpamọ́ mọ́. Frequency dé 48.8, ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ sì gé iná àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù kan. Kí aago márùn-ún tó lù, frequency ti padà sí 50. Kí wákàtí kan tó pé, gbogbo èèyàn ti ní iná. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ojú irin kan, tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà wọn pé kí wọ́n kú bí frequency bá wọ abẹ́ 49, kò lè tan padà àfi ìgbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n dúró sí. Òru ni àwọn èrò mìíràn dé ilé.

Kò sí ẹni tó rú ìlànà ìpamọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìlànà sọ pé kí a múra de ọ̀kan. Òjò ò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa.

Ohun tí mo ń sọ yìí ní gbòǹgbò nínú ìṣirò tó ti dàgbà. Ní ọdún 1947, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, Giuseppe Calabrese, gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn bí a ṣe lè fi ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ wọn ìpamọ́, dípò ká kàn máa fojú bù ú. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń gbà de ìlànà tí wọ́n ṣì ń lò ní Amẹ́ríkà títí dòní: kí agbára má ṣe kéré sí ohun tí a nílò fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká sọ pé ẹ̀rọ kan máa ń ṣàìsàn ní ọjọ́ 5 nínú 100. Pé ẹ̀rọ méjì bẹ́ẹ̀ yóò ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 400. Mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan nínú 8,000. Mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan nínú 160,000. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ń pọ̀ kíákíá, owó tí a ó ná sì ń kéré. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ dúró lórí gbólóhùn kan, pé àìsàn ẹ̀rọ kan kò kan ti èkejì. Bó bá jẹ́ pé otútù ló mú ti àkọ́kọ́, inú otútù kan náà ni ti èkejì wà. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 8,000 á wá di ohun tí ojú ẹni á rí.

Ojú Texas ló rí i. Kí ìgbà otútù ọdún 2021 tó dé, ERCOT, àjọ tó ń darí gíríìdì ibẹ̀, kọ ọ́ pé àwọn ní agbára tó ju 82,000 mẹ́gáwáàtì lọ, nígbà tí wọ́n retí pé ohun tí àwọn èèyàn yóò lò jù kò ní kọjá nǹkan bí 57,700. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn á sùn fọnfọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ohun tí àwọn èèyàn ń lò lé ní 69,000, ilé iṣẹ́ amúnáwá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí aago méjì òru, frequency dé 59.3. Ó wà lábẹ́ 59.4 fún ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 23. Ká ní ó pé ìṣẹ́jú 9 níbẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìbá já ara wọn kúrò, gbogbo gíríìdì ìbá sì wó lulẹ̀; jíjí irú gíríìdì bẹ́ẹ̀ dìde lè gba ọ̀sẹ̀ gbáko. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, wọ́n gé iná àwọn èèyàn, tó fi tó 20,000 mẹ́gáwáàtì nígbà tó le jù, ọ̀pọ̀ ilé ò sì rí i padà fún ọjọ́ mélòó kan nínú otútù tó ń sọ omi di yìnyín. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka èèyàn 246 tó kú.

Nígbà tí FERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe àmójútó ọ̀rọ̀ iná, àti NERC, àjọ tó ń ṣọ́ ìdúróṣinṣin gíríìdì níbẹ̀, wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ 1,045 ló ní ìṣòro ní Texas àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká. Ó lé ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣòro náà tó jẹ́ pé nǹkan dì lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: páìpù omi, ohun èèlò tó ń wọn ìfúnpá, abẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ìdá 31 jẹ́ ti epo ìdáná, gáàsì ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Níbi gáàsì yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Kànga gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì gba inú páìpù ń lo iná. Àwọn kan nínú wọn kò sí nínú ìwé àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ gé. Nígbà tí wọ́n gé iná láti gba gíríìdì là, wọ́n gé ti àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn, gáàsì tún dín sí i, ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ń retí gáàsì tún kú. Otútù tó jọ èyí ti wá ní oṣù Kejì ọdún 2011, wọ́n ti gé iná nígbà náà, àwọn ìjọba àpapọ̀ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kí wọ́n wọ aṣọ otútù fún àwọn ẹ̀rọ.

Ẹni tó gbà gbọ́ nínú ọjà lè béèrè pé owó ńkọ́? Owó gòkè. 9,000 dọ́là fún mẹ́gáwáàtì-wákàtí kan ni òkè tí òfin gbà láàyè nígbà náà, àjọ tó ń ṣe àmójútó sì pàṣẹ pé kó dúró síbẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé owó gọbọi á pe ìpamọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti dì kì í gbọ́ ìpè owó. Ìgbà tí owó náà ì bá ti sọ̀rọ̀ ni oṣù Keje, nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan jókòó ti ìwé ìnáwó rẹ̀, tó ń rò ó bóyá kí òun fi nǹkan wé páìpù tàbí kí òun má wé e. Lóṣù Keje, oòrùn ń mú, ẹnikẹ́ni ò sì san kọ́bọ̀ fún páìpù tí a wé.

Ìṣòro tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń jà lé lórí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ẹ̀rọ tí a fi pamọ́ de wákàtí mẹ́wàá tó le jù lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ pa gbogbo owó ọdún rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́wàá yẹn. Tí ìjọba bá fi òrùlé sí iye owó, kò sí ẹni tó máa kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá fi òrùlé sí i, àwọn èèyàn á gba ìwé owó iná tó lè ta ilé lórí wọn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọjà gbà ni gbàǹjo: wọ́n á ra ìlérí pé ẹ̀rọ á wà nílẹ̀, lọ́tọ̀ sí iná tí ẹ̀rọ náà bá mú wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tilẹ̀ ṣe ìṣirò ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n rà ní gbangba. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n fi í sí pé ẹ̀rọ tuntun kan ń ná ni ní nǹkan bí 47 pọ́n-ùn fún kílówáàtì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ìyẹn 47,000 fún mẹ́gáwáàtì kan, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tó ń pa lórí iná tó ń tà. Àdánù àwọn èèyàn tí iná bá lọ jẹ́ nǹkan bí 17,000 pọ́n-ùn fún mẹ́gáwáàtì-wákàtí kan. Pín àkọ́kọ́ pẹ̀lú èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 3. Nítorí náà, wọ́n ní kí wọ́n ra ìpamọ́ títí tí ìrètí àìtó agbára kò fi ní ju wákàtí 3 lọ lọ́dún. Kí wọ́n má sì rà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé iná yóò kú fún wákàtí 3 lọ́dọọdún, torí olùdarí gíríìdì ní ọgbọ́n mìíràn tó lè dá kó tó gé ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí nítorí òótọ́ inú rẹ̀: ó gbà pé ìpamọ́ ní òpin, pé ẹni tó ń san owó iná ni yóò san án. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bó ṣe fi iye kan ṣoṣo dúró fún gbogbo òkùnkùn. Wákàtí kan láìsí iná nírọ̀lẹ́ oṣù Kẹjọ àti wákàtí ogójì láìsí iná nínú yìnyín kì í ṣe ohun kan náà tí a sọ di púpọ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ mí nílé kò ní iye kan náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó ti ilẹ̀kùn. Ewu tó ń kó ẹ̀rọ lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ló sì ń mú òkùnkùn gígùn wá, nítorí náà ó yẹ kó wúwo jù lórí òṣùwọ̀n ju bó ṣe wà yìí lọ.

PJM ni àpẹẹrẹ tó fún mi ní ìrètí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ká ọ̀pọ̀ èèyàn lára. PJM ló ń darí iná fún ìpínlẹ̀ 13 ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú Washington, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 65. Ọdún Kérésìmesì ku ọ̀la ní 2022, nígbà tí ìjì otútù Elliott dé, nǹkan bí 46,000 mẹ́gáwáàtì ni kò sí nílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, tí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ onígáàsì. A ti san owó ìlérí fún wọn. Iná kò kú, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó, ìtanràn tí wọ́n bù fún àwọn ilé iṣẹ́ tó já ìlérí sì ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni PJM yí bó ṣe ń ka ìpamọ́ padà. Dípò kó wo bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣàìsàn ní ọjọ́ lásán, ó ń wo ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mú wá ní àwọn wákàtí tí gbogbo gíríìdì wà nínú ewu. Nínú gbàǹjo àkọ́kọ́ lábẹ́ ìlànà yìí, fún ọdún 2025 sí 2026, 100 mẹ́gáwáàtì núkílíà di 95. 100 mẹ́gáwáàtì tọ́báìnì gáàsì lásán di 62. Lọ́jọ́ kan náà, iye owó gbàǹjo fún mẹ́gáwáàtì kan lóòjọ́ fò láti 28.92 dọ́là sí 269.92. Ìlànà tuntun nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńlá tó ń jẹ iná wà níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó ti darúgbó tó ń kógbá wọlé sì wà níbẹ̀. Igbe ta, ó sì tọ́ kó ta. Síbẹ̀, 38 mẹ́gáwáàtì tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé yẹn kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní alẹ́ tó ṣe pàtàkì. A kàn ń san owó fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni.

Tí ewu náà bá ní ọjọ́, ọ̀rọ̀ máa ń rọrùn. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 2015, òṣùpá dí oòrùn lójú ní Yúróòpù, níbi tí nǹkan bí 90,000 mẹ́gáwáàtì ẹ̀rọ oòrùn wà. Àwọn olùdarí gíríìdì ti fi ọ̀pọ̀ oṣù múra, wọ́n ra ìpamọ́ kún ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wà lórí tẹlifóònù pẹ̀lú ara wọn ní gbogbo òwúrọ̀ náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Iná kò ṣẹ́jú.

Àwọn kan gbà pé bátìrì ti yanjú gbogbo rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá, òótọ́ ni: Hornsdale, bátìrì ńlá kan ní Gúúsù Ọsirélíà, tí wọ́n kọ́ ní 2017, ọdún kan lẹ́yìn tí gbogbo ìpínlẹ̀ náà wọ òkùnkùn, fi han ayé bí bátìrì ṣe ń yára jí. Ṣùgbọ́n bí gbogbo bátìrì bá jẹ́ ti wákàtí mẹ́rin, tí otútù sì jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí kan náà ni gbogbo wọn máa tán. Bátìrì náà ní ohun tó lè pa wọ́n pọ̀. Ní ti ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, tí iná kú ní Sípéènì àti Pọ́túgà, mẹ́gáwáàtì gan-an kọ́ ni ìpamọ́ tí wọ́n nílò: fóltéèjì ló fò sókè, àwọn ẹ̀rọ ń já kúrò nítorí rẹ̀, 15,000 mẹ́gáwáàtì sì lọ ní Sípéènì láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹni tó ní ìlọ́po méjì ìpamọ́ á ṣì wà nínú òkùnkùn.

Texas ti ṣe ohun kan láti 2021 tí mo fẹ́ kí gbogbo ọjà iná ṣe. Yàtọ̀ sí òfin tó ní kí wọ́n múra ẹ̀rọ sílẹ̀ de otútù, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láti ya àwòrán ilẹ̀ tó fi kànga gáàsì, páìpù, ilé iṣẹ́ amúnáwá àti wáyà hàn lójú kan, kí ẹni tó fẹ́ gé iná lè mọ ohun tó ń gé. Wọ́n tún ń san owó fún ilé iṣẹ́ tó bá tọ́jú epo sínú ọgbà ara rẹ̀, kó má baà gbára lé páìpù. Otútù líle tún dé ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọn kò sì gé iná ẹnikẹ́ni nítorí àìtó agbára. Ohun tó kù ni kí àwòrán yẹn wọ inú gbàǹjo. Kí ẹni tó fẹ́ ta ìpamọ́ kọ orúkọ páìpù tó ń fún un ní gáàsì àti orúkọ wáyà tó ń gbé iná rẹ̀ jáde, kí iye tí a ó san fún ẹ̀rọ karùn-ún lórí páìpù kan náà kéré sí ti àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá sì gba epo láti ibòmíràn, tàbí tó lè ní kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ dín iná tó ń lò kù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gba ju gbogbo wọn lọ.